Ìwé Tí Mo Gé Ọwọ́ Rẹ̀: Láti Etí Ọ̀sà Bàrígà dé Ẹ̀pẹ́

Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mo ṣí ilẹ̀kùn ilé mi ní Ṣómólú. Ìwé kan ṣoṣo ló wà lábíyá mi, mo ti fi láílọ́ọ̀nù méjì wé e bí ẹni wé ẹ̀kọ. Ìyàwó mi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó wo bàtà ẹsẹ̀ mi, ó wo ìwé náà, ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ṣé ìwé yẹn lẹ ó gùn bí ọkọ̀ bá dojú dé ni?"

Mo ní kó bá mi gbàdúrà. Ó ní òun ti gbà á tán lálẹ́ àná, ohun tó kù ni kí n má ti ọwọ́ bọ omi.

Kí ẹ̀yin tí ẹ jókòó sílé má baà rò pé mo ti di ọlọ́kọ̀ ojú omi lójijì, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Iṣẹ́ ìwé rírán ni mò ń ṣe. Ní Ṣómólú tiwa, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń jí ènìyàn, kì í ṣe àkùkọ. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń rán Bíbélì tó já, ìwé orin tó tú, àti ìwé ilé ẹ̀kọ́ tí eku jẹ létí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tó bí mi ti wá. Odò tó tóbi jù tí mo mọ̀ ní kékeré, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a máa ń fò ó kọjá. Láti ṣọ́ọ̀bù mi dé etí ọ̀sà ní Bàrígà kò gba wákàtí kan fún ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn. Síbẹ̀, títí di ọjọ́ tí mò ń wí yìí, n kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ló fà mí débẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ẹja ló ń tà, àwọn òbí rẹ̀ ti etí òkun Oǹdó wá tẹ̀dó sí Bàrígà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà ló gbé ìwé kan wá bá mi, omi ń kán lára ẹ̀. Ìwé ìlò ọkọ̀ ojú omi ni, irú èyí tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì máa ń fi sínú páálí pẹ̀lú ẹrù. Òjò ló rọ̀ sínú ọkọ̀, ìwé náà sùn nínú omi mọ́jú. Mo ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan níwájú fáànù, mo fi bébà mímu-omi sáàárín wọn, mo rán an, mo lẹ èèpo líle mọ́ ọn. Nígbà tí mo parí, mo rí i pé etí àwọn ewé náà rí págunpàgun, bí ibi tí eku ti jẹ ẹ́. Mo ṣe ohun tí gbogbo aránwèé Ṣómólú ń ṣe: mo ti ìwé náà bọ abẹ́ ẹ̀rọ ìgéwèé, mo gé etí rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dán bí ọṣẹ tuntun.

Ní Ọjọ́rú tó wá gbà á, ó dúpẹ́ gan-an. Ó wá na àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún, ó fi fa etí ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tún fà á.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọwọ́ rẹ̀ dà?"

"Ọwọ́ wo, Ìyá Bọ́sẹ̀?"

"Ọwọ́ ìwé mi. Ibi tí mo fi ọ̀bẹ ẹja sàmì sí."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ìyá Bọ́sẹ̀ ń ka Bíbélì Yorùbá, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà kò yé e. Bọ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló jókòó tì í kó tó lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní Sókótó. Ó ka ìwé náà fún un láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn, ìyá sì fi ọ̀bẹ gé etí ewé kọ̀ọ̀kan tó ṣe pàtàkì, bí àwọn ẹlẹ́ja ṣe máa ń gé etí apẹ̀rẹ̀ wọn kí tèmi má baà di tìrẹ ní èbúté. Gígé kan túmọ̀ sí bí a ṣe ń po epo. Méjì túmọ̀ sí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Mẹ́ta jẹ́ ti ẹrù. Ọwọ́ ló fi ń ka ìwé náà, àní nínú òkùnkùn. Èmi ọ̀mọ̀ràn sì gbé e, mo gé gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹni tó ń ra àjẹkù bébà ti kó wọn lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí ṣọ́ọ̀bù.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní n kò ní gba kọ́bọ̀. Ó ní kì í ṣe ti owó. Ó wá sọ ohun tó wà ńlẹ̀ fún mi. Àwọn ọlọ́kọ̀ etí ọ̀sà ní ìlà kan tí wọ́n fi ń kó ẹja láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Bàrígà. Ẹni tí kò bá sí nínú ìlà náà, ọkọ̀ rẹ̀ di àga ìjókòó àwọn ọmọdé. Ó ti wà níbẹ̀ rí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àkọ́kọ́ sì kú sórí omi kí ọdún tó yí po. Ráúfù, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ ìlà náà, ló fi okùn wọ́ ọ wálé, ó ń fọn fèrè látìbẹ̀rẹ̀ dópin kí ayé lè jáde wá wò ó. Alága etí ọ̀sà wá ní kó tó padà sínú ìlà, kó fi ẹ́ńjìnnì tuntun tó rà lọ sí Ẹ̀pẹ́, kó kó ẹja, kó sì gúnlẹ̀ sí Bàrígà kí wọ́n tó pe ìrun Alásàrí, kí okùn ẹnikẹ́ni má sì kàn án. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá. Bí kò bá ṣe é, kó ta ọkọ̀ náà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wà.

"Ọ̀la ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi ìka tọ́ka àwọn ojú ewé yẹn fún mi," mo ní.

"Ọ̀la mo wà lọ́jà títí ilẹ̀ ó fi ṣú." Ó gbé ìwé náà padà lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀yin tí ẹ gé ọwọ́ ìwé mi, ẹ̀yin lẹ ó di ọwọ́ ìwé. Ẹ kà á dáadáa. Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ẹtì la ó gbéra."

Báyìí ni mo ṣe dẹni tó wọ kẹ̀kẹ́ ní irínwó náírà, tí mo gba Abúlé Òkúta kọjá nígbà tí àwọn oníbúrẹ́dì nìkan ló jí, tí mo bọ́ sílẹ̀ ní etí ọ̀sà. Ẹ̀yin ará òkè, bí ẹ bá ń gbọ́ èbúté, ẹ má ro ti òyìnbó. Pákó ni wọ́n tò lórí òpó, àlàfo wà láàárín wọn, omi dúdú sì ń mí lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń sáré lórí ẹ̀. Èmi fi ọwọ́ àti orúnkún rìn ín.

Bàbá Akin ló na ọwọ́ fà mí sínú ọkọ̀. Òun ni ẹ̀gbọ́n Ìyá Bọ́sẹ̀, òun ló sì ń wa ọkọ̀ fún un. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, apá rẹ̀ rí bí gbòǹgbò igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi ọ̀sà.

"Ẹ káàbọ̀, Oníwèé. Ṣé ìwé máa ń lúwẹ̀ẹ́?"

"Rárá, sà."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi náà ò lè lúwẹ̀ẹ́."

"Ẹ ti bá ara yín mu nìyẹn." Ó ju ẹ̀wù ìléfòó kan sí mi, èyí tí wọ́n ń wọ̀ kí ènìyàn má baà rì. "Ẹ dì í le. Ikùn yín yẹn ti léfòó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ dì í."

Iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ kí a tó tú okùn. Ẹ́ńjìnnì irú èyí, inú bẹntiróòlù ni wọ́n ń po ọ́ìlì rẹ̀ mọ́. Nínú ìdílé Bàbá Akin, ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bí ìyàwó ilé ṣe ń ta epo sọ́bẹ̀. Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ máa ń yọ èéfín, àwọn èrò ń wúkọ́, ló bá rò pé ọ́ìlì ló pọ̀ jù, ló bá ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Èéfín dáwọ́ dúró lóòótọ́. Ẹ́ńjìnnì náà dáwọ́ dúró pẹ̀lú. Ìwé ní ìdá kan ọ́ìlì sí ìdá márùndínlọ́gbọ̀n epo fún wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà kí wọ́n dín in sí ìlàjì. Wọ́n ya ike kan tó ní ìlà wẹ́wẹ́ lára síbẹ̀, irú èyí tí n kò rí lọ́jà Bàrígà rí. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì tiwa, lítà márùndínlọ́gbọ̀n ló ń gbà. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí èèpo ìwé: lítà kan ọ́ìlì ni, èyí tó jẹ́ ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì tó ń gba ìlàjì lítà.

"Ìgò méjì péré ló fi ojú ewé mẹ́ta sọ yẹn?" Bàbá Akin béèrè.

"Mẹ́rin, sà. Àwòrán wà níbẹ̀."

Ìyá Bọ́sẹ̀ da ìgò méjì. Bàbá Akin fa okùn ẹ́ńjìnnì. Ó jí, ó ń kùn. Lẹ́yìn rẹ̀, láti ihò kékeré kan, omi tín-ín-rín bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ìwé ní omi yìí ni ẹ̀rí pé omi ọ̀sà ń yípo nínú ẹ́ńjìnnì láti tù ú lára. Àwọn ọlọ́kọ̀ kò lọ jìnnà: wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ń tọ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ jókòó tì mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ yẹn ni kí ojú yín wà. Bí kò bá tọ̀, ẹ pariwo."

Bí a ṣe kúrò ní èbúté ni wọ́n ń pe ìrun Àsùbáà. Afárá gígùn wà lẹ́yìn wa, iná mọ́tò ń lọ lórí ẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Iwájú dúdú. Mo di pákó mú débi pé ọwọ́ mi kú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ojú ọ̀run là, mo sì rí ọ̀sà. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ohun tí mo lè fi wé e nílé. Ilẹ̀ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, igi wà níbẹ̀, òkè wà níbẹ̀. Èyí tẹ́ lọ rẹrẹ, àwọ̀ eérú, àwọ̀ fàdákà, títí ó fi di ọ̀run. Ọkọ̀ àwọn tó ń wa yanrìn ta ìgbòkun aláràbarà kọjá wa, omi kù díẹ̀ kó dé etí wọn.

Ìwé náà ní kí a máa tẹ̀ lé àwọn àmì pupa àti àwọ̀ ewé tí ìjọba gbé sórí omi. Mo wò yíká.

"Bàbá, ìwé ní àwọn àmì kan wà."

"Ó wà." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka ọ̀pá kan tí wọ́n so àkísà mọ́. "Àwọ̀n wà lábẹ́ ìyẹn." Ó tọ́ka àwọn ẹ̀ka igi tó yọrí lókèèrè bí irun orí tí a kò yà. "Ìyẹn akájà. Àwọn apẹja ló ri igi mọ́lẹ̀ yípo kí ẹja máa sá wọ ibẹ̀ sùn. Bí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì bá wọ ibẹ̀, ó di ẹ̀ka igi. Ṣé ìyẹn wà nínú ìwé?"

Mo wò ó. Kò sí. Ojú ewé méje gbáko ló sọ bí a ṣe ń tọ́jú ọkọ̀ nígbà òtútù tí odò bá di yìnyín. Mo kà á fún wọn. Ìyá Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Bàbá Akin ní, "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ̀dá ò mọ̀la."

Ọ̀rọ̀ eré sísá ló kọ́kọ́ fa gbọ́nmisi-omi-ò-tó. Ìwé ní kí a má fún ẹ́ńjìnnì tuntun ní gbogbo agbára rẹ̀ ní wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́, bí kò ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ráúfù sì gbéra lẹ́yìn wa, ó bá wa láàárín ọ̀sà, ó rọra sún mọ́ wa kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dé etí wa.

"Ìyá Oníwèé, ẹ kú ìwé kíkà o. Ẹ ti dé orí kèéló?"

"A ti dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ nílé," Ìyá Bọ́sẹ̀ dá a lóhùn.

Ó fọn fèrè, ó sì fò lọ. Ìgbì tó fi sílẹ̀ da omi sí mi láyà. Apá Bàbá Akin ń yún un lórí ẹ́ńjìnnì. Ó fi orúkọ pe Ìyá Bọ́sẹ̀ àbúrò rẹ̀. "Mótún, wákàtí mẹ́rin la ó lò báyìí. Ìwé yìí fẹ́ kí á di ìgbín."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Ìgbín kò fi ìgbà kankan pe ẹni tí yóò wọ́ ọ wálé."

A ti rékọjá apá Ìkòròdú nígbà tí mo rí i pé omi ihò kékeré yẹn ń rọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Ó di kíkán. Ó dá.

"Kò tọ̀ mọ́," mo pariwo.

Bàbá Akin ní ẹ́ńjìnnì ṣì ń dún dáadáa, kí a sún síwájú díẹ̀. Mo ti ṣí ìwé, àtàǹpàkò mi ti wà níbẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo kà á fún un lédè Yorùbá pé bí omi yìí bá dá, kí a pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kí a má retí kí aago ìkìlọ̀ rẹ̀ ké. Ìyá Bọ́sẹ̀ kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó na ọwọ́, ó pa á. Gbogbo ayé dákẹ́, àfi omi tó ń pọ́n abẹ́ ọkọ̀ lá.

Ìwé ní kí a gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sókè, kí a wo ibi tó ń gbà mu omi bóyá ewéko dí i. A gbé e. Kì í ṣe ewéko. Láílọ́ọ̀nù omi mímu inú ọ̀rá ló lẹ̀ mọ́ ọn bí awọ ara, méjì léra wọn. Àwọn tó kọ ìwé kò mọ irú ẹja yẹn. Ìyá Bọ́sẹ̀ já a kúrò. A tún tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú kékeré: kò tọ̀ síbẹ̀. A pa á. Mo ka ìlà tó tẹ̀ lé e, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè sọ ọ́ síta.

"Ó ní bí kò bá sunwọ̀n, kí a gbé e lọ bá ẹni tó tà á fún wa."

Wọ́n wò mí. Mo wo ọ̀sà. Ẹni tó tà á wà lókè òdìkejì Èkó, àwa wà láàárín omi, oòrùn sì ń gòkè. Ojú Ìyá Bọ́sẹ̀ yí padà. Kò sunkún, ó kàn ń fi ọwọ́ pa etí ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ mi, etí tó ń dán yẹn, ó ń pa á lọ, ó ń pa á bọ̀. N kò tíì rí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí nínú iṣẹ́ mi.

Mo rántí abẹ́rẹ́ ìránwèé tó wà lápò mi. Mo nà án sí Bàbá Akin pé kó fi tú ihò náà.

"Irin kọ́," ó ní. "Irin á há inú ẹ̀ bó bá kán." Ó tẹ̀ sábẹ́ ìjókòó, ó fa ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ń gbá omi inú ọkọ̀ jáde, ó yọ ẹyọ kan, ó fi eyín já orí rẹ̀, ó rọra tì í bọ ihò. Ó yí i bí ẹni ń ro etí ọmọ. Ó fà á jáde, yanrìn wá pẹ̀lú ẹ̀. Ó fi ẹnu bo ihò náà, ó fẹ́ ẹ títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi dìde. Ó tutọ́ sómi, ó fa okùn.

Omi tú jáde, ó nà tààrà, ó ń dán nínú oòrùn.

Bàbá Akin nu ẹnu. "Ìwé yín ló mọ ìgbà tí ènìyàn ń ṣàìsàn," ó ní. "Ṣùgbọ́n kò mọ egbòogi." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní, "Ká ní kò sọ, ǹ bá ti ba èyí náà jẹ́ bíi ti àkọ́kọ́." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa.

Aago mẹ́sàn-án kọjá nígbà tí a gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Ọjà ẹja wọn wà ní etí omi gan-an. Ní Ṣómólú, ẹja tó dé ọ̀dọ̀ wa ti gbàgbé odò. Èyí ṣì ń fi ìrù na ènìyàn. Ọ̀bọ̀kún, àrọ̀, ẹpìyà, ọ̀ni kékeré tí wọ́n fi okùn di lẹ́nu, gbogbo wọn ló wà lórí pákó. Mo jẹ ìkọ́kọrẹ́ àti ẹja ní ẹgbẹ̀rún méjì àtààbọ̀ náírà. Iṣu ewùrà tí wọ́n rin ni wọ́n fi ń se é, ó sì dára lẹ́nu mi ju bí mo ṣe rò. Bàbá Akin kò fọwọ́ kàn án. Ó tú púpurú tó gbé láti ilé, òkèlè ẹ̀gẹ́ tí àwọn Ìlàjẹ ń yan, ó ní òun kì í fi ikùn ṣe àlejò.

Ẹrù kíkó ni wọ́n tún fi pe ọwọ́ ìwé. Ọkọ̀ náà ní àwo kékeré kan lára tó sọ iye ẹni tó lè gbé: mẹ́jọ. Ìwé wá ṣàlàyé pé ẹni kọ̀ọ̀kan wọn kílò márùndínlọ́gọ́rin.

"Ẹni yẹn kì í jẹ púpurú," Bàbá Akin ní.

Kò sí òṣùwọ̀n ní etí omi. Ṣùgbọ́n Ìyá Bọ́sẹ̀ ti gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja lérí láti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó gbé ọ̀kan, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní apẹ̀rẹ̀ méjì ló tó ẹnì kan inú ìwé. A jẹ́ mẹ́ta. Ó ku márùn-ún. Ó gba apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá, ó ní ó tó. Obìnrin kan gbé méjì mìíràn wá, ó ń bẹ̀ ẹ́, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ kọ̀. Ráúfù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló na ọwọ́ gbà á. Ọkọ̀ tirẹ̀ ti kún tẹ́lẹ̀ débi pé ẹyẹ tó bá bà lé e yóò rì í.

"Ìyá Oníwèé, ẹ bá mi kí àwọn olùkọ́ o," ó ní.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ la kọjú sílé. Afẹ́fẹ́ ti yí padà, ó ń ti iwájú bọ̀, ìgbì ń lu wá láyà. Ráúfù tún kọjá wa, ó tún fọn fèrè. A ń lọ jẹ́jẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń tọ̀. N kò gbé ojú kúrò níbẹ̀, ọrùn ń ro mí.

Ó tó bí aago méjì tí a rí ọkọ̀ kan tó dábùú, omi ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀nà akájà. Ẹnì kan dúró nínú rẹ̀, ó ń ju ẹ̀wù. Ráúfù ni. A sún mọ́ ọn. Èéfín ṣì ń yọ lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, òórùn rẹ̀ dà bí ìkòkò tó jóná. Ọ̀rá omi ló dí i, bíi tiwa.

"Ṣé kò ké fún ẹ ni?" mo bi í, torí ìwé ní ó gbọ́dọ̀ ké bó bá gbóná jù.

Ó tẹjú mọ́lẹ̀. "Mo ti gé wáyà tó ń ké yẹn ọjọ́ pẹ́. Ariwo ẹ̀ ń dí mi lọ́wọ́."

Bàbá Akin wo oòrùn. Ó bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́. "Mótún. Bí a bá wọ́ ọ, a ò ní bá Alásàrí. Ẹlòmíràn á kọjá níbí."

Ìyá Bọ́sẹ̀ wo akájà. Ó wo apẹ̀rẹ̀ ẹja tí kì í ṣe ti Ráúfù, tí ń bẹ nínú ọkọ̀ rẹ̀, tí yóò bàjẹ́. Gbogbo ohun tó ń wá láti ọdún kan, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló wà.

"Mo mọ bó ṣe ń rí láti jókòó síbi tó jókòó sí yẹn," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wíwọ́ ọkọ̀ wà nínú ìwé?"

Ó wà. Kí a má so okùn mọ́ ìjókòó, òrùka irin tó wà nímú ọkọ̀ ni. Kí okùn gùn. Kí a rìn jẹ́jẹ́. Mo kà á, wọ́n so ó. Ohun tí ìwé kò sọ ni bí a ṣe ń fa ọkọ̀ elérù kọjá láàárín akájà méjì nígbà tí afẹ́fẹ́ ń tì ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ìyẹn, Bàbá Akin ló ṣe é. Ó dìde dúró, ó ń fi orúnkún darí ẹ́ńjìnnì, Ìyá Bọ́sẹ̀ sì fi òpó gígùn ń ti ẹ̀ka igi sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. A yọ. Kò sẹ́ni tó fọn fèrè.

Afárá gígùn yọ sí wa, lẹ́yìn náà òrùlé Bàrígà. A kò tíì dé èbúté tí ohùn ládàánì fi gba orí omi wá. Ìpè Alásàrí ni. Ìyá Bọ́sẹ̀ gbọ́ ọ títí dé òpin, ó tún ìró rẹ̀ fún mọ́ àyà. Ráúfù nínú ọkọ̀ ẹ̀yìn bo ojú.

Èrò ti pé sí èbúté. Alága, àgbàlagbà kan tó wọ fìlà pupa, dúró níwájú, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó jẹ́ kí a gúnlẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n so okùn.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, wọ́n ti pe ìrun."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Mo sì ní kí okùn má kàn ọ́."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, sà."

Alága wo okùn náà láti ọkọ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀ lọ dé imú ọkọ̀ Ráúfù. Ó rọra yí sí àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù. "Mo fẹ́ mọ ẹni tó lè wa ọkọ̀ dé Ẹ̀pẹ́ ni mo ṣe dá aago. Èyí wa ọkọ̀ méjì bọ̀. Ẹni tó bá tún fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ aago, kó kọ́kọ́ lọ wọ́ ẹnì kan wálé." Ó wo Ráúfù. "Ìwọ ńkọ́, ṣé o ní ọ̀rọ̀?"

"Ẹ ti sọ ọ́ tán, Bàbá," Ráúfù ní. "Kí Ìyá Bọ́sẹ̀ bọ́ síwájú mi nínú ìlà."

Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ló bẹ̀rẹ̀ orin, n kò mọ èyí tí wọ́n ń kọ, èdè Ìlàjẹ ni, ṣùgbọ́n mo gbọ́ orúkọ Mótúnráyọ̀ nínú ẹ̀, mo sì rí i pé ẹkún tí ó kọ̀ láti sun láàárín ọ̀sà ti dé. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó jókòó sórí pákó èbúté, ó fa ọ̀bẹ ẹja yọ.

"Ẹ gbé ìwé wá, Ẹ̀gbọ́n."

Mo ń ṣí i, mo ń sọ ohun tó wà níbẹ̀, ó ń gé e. Ọ̀kan fún epo, méjì fún gbígbóná, mẹ́ta fún ẹrù. Ó fi mẹ́rin sí ti okùn. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn, ó rí ewé funfun mẹ́fà tí mo fi kún un nígbà tí mò ń rán an, bí àwa aránwèé ṣe máa ń ṣe. Ó béèrè ohun tí a ó fi wọ́n ṣe. Mo wo Bàbá Akin.

"Bàbá, ẹ sọ ti ìgbálẹ̀ yẹn, kí n kọ ọ́."

Ó kọ́kọ́ ní ṣé òun náà di òǹkọ̀wé ni. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó tún ọ̀fun ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí láílọ́ọ̀nù, ó bá a dé orí akájà, ọ̀pá alákìísà àti bí a ṣe ń mọ ibi tí yanrìn ti ga lábẹ́ omi. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, kí Ìyá Bọ́sẹ̀ lè fi ojú kà á. Ewé mẹ́fà kò tó. Ráúfù tó dúró lẹ́yìn wa ní òun náà ní irú ìwé yìí nílé, abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ló wà, kí ó má baà mì.

Mo dé Ṣómólú kí oòrùn tó wọ̀, òórùn ẹja ló ṣáájú mi wọlé. Ìyàwó mi gba ọ̀bọ̀kún méjì tí mo gbé dání, ó ní òun rí i pé omi dá mi padà. Mo ní ó dá mi padà, ṣùgbọ́n kò dá mi padà bó ṣe gbà mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìwé ìlò ọkọ̀ mẹ́ta ló ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ti Ráúfù wà lókè, àmì ẹsẹ̀ tábìlì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rán wọn, mo fi ewé funfun mẹ́wàá mẹ́wàá sí ìdí wọn. Nígbà tó kan ẹ̀rọ ìgéwèé, mo dúró. Mo na àtàǹpàkò, mo fi fa etí ìwé kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́, bóyá ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ kọ nǹkan síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò gé etí ìwé ẹnikẹ́ni mọ́ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ kà á.